Ta ni kí n gbà gbọ́, rìwáyà tàbí ẹni tó ta bátìrì fún mi? Mo fẹ́ mọ bí a ṣe ń yẹ bátìrì ọkọ̀ wò

Olùkọ́ Ìbàdàn (ẹni tó béèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn, ọkọ̀ tòkúnbọ̀ kékeré kan ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́. Bátìrì rẹ̀, oní-60 áńpù-wákàtì, kò ju oṣù mẹ́rìnlá lọ tí mo rà á, ṣùgbọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, bí mo bá gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ńṣe ni yóò máa dún "kẹ́kẹ́kẹ́" tí kò ní tan. Rìwáyà (ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe) tí mo pè wá fi bátìrì tirẹ̀ ràn án lọ́wọ́, ó sì yọ tẹ́mínà kan, irin ẹnu wáyà tó ń dì mọ́ orí bátìrì, kúrò lórí bátìrì mi nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ kò kú, ó wá ní ìyẹn fi hàn pé alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, dára, pé bátìrì ló ti lọ. Mo wa ọkọ̀ lọ bá ẹni tó ta bátìrì fún mi, òun fi mítà wọ̀n ọ́n, ó rí fọ́ltì 12.5, ó ní bátìrì òun kò ní àbùkù kankan, kí n lọ wo alternator. Owó bátìrì tuntun kì í ṣe owó tí mo kàn lè mú jáde láti inú owó oṣù, owó alternator náà kò sì kéré. Mo ti ra mítà kékeré kan lọ́jà báyìí. Báwo ni mo ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi kí n tó náwó?

Rìwáyà Àgbà

Ẹ kú àṣekún, Olùkọ́. Kí n tó sọ ohun tí ẹ ó ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni tún yọ tẹ́mínà bátìrì yín nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn ọ̀gá wa ṣe kọ́ wa nìyẹn lóòótọ́, kò sì ṣe ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn, tó ń lo kaburétọ̀, ní nǹkan púpọ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì ni tìmùtìmù tí iná alternator ń fara tì. Bí a bá fa tìmùtìmù yẹn yọ lójijì, iná náà lè ta sókè ju ohun tí àwọn dáódù inú alternator àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tí àwa ń pè ní "brain box", lè gbà mọ́ra. Mo ti rí ọkọ̀ tó jẹ́ pé bátìrì ni wọ́n torí rẹ̀ gbé e wá, tó sì jẹ́ pé gbèsè "brain box" ni wọ́n gbé lọ sílé. Bákan náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi sípánà kan orí bátìrì méjèèjì pọ̀ láti wo bí iná ṣe ń ṣẹ́ pàrà, ẹ gba sípánà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bátìrì tó bá ń gba iná máa ń tú gáàsì háídírójìn jáde, ìṣáná iná kékeré kan sì tó láti mú kí ó bú gbàmù kí ásíìdì sì fọ́n sí ènìyàn lójú.

Ní ti ẹjọ́ yín, nínú rìwáyà àti oníbátìrì yẹn, kò sí èyí tó tíì yẹ ohunkóhun wò dé ìdí. Bátìrì lè kún kó má lágbára mọ́, ó lè lágbára kó má kún, ọkọ̀ sì lè máa jí iná inú rẹ̀ mu lóru nígbà tí bátìrì fúnra rẹ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ fi wé àmù omi. Àmù tí ẹrẹ̀ ti kún dé ìdajì lè kún fọ́fọ́ dé ẹnu, ẹni tó bá sì yọjú wò ó yóò sọ pé omi wà, ṣùgbọ́n igbá mélòó kan lẹ ó bù tí igbá yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha ẹrẹ̀. Ibi tí omi dé ni mítà ń sọ fún wa. Kì í sọ bí ẹrẹ̀ ṣe pọ̀ tó nísàlẹ̀, nítorí náà 12.5 tí oníbátìrì yẹn rí kò dá bátìrì láre, kò sì dá a lẹ́bi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iná máa ń ní ìyangàn lójú, yóò fi iye tó ju tirẹ̀ lọ hàn fún wákàtí mélòó kan.

Ohun tí ẹ ó ṣe rèé. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lálẹ́ kó má bàa jẹ́ pé ẹ ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ lówùúrọ̀, nítorí ilẹ̀kùn ṣíṣí nìkan ń jí oríṣiríṣi iná dìde. Bí ọkọ̀ bá ti sùn mọ́jú, ẹ yí mítà sí 20 ní apá tí wọ́n kọ DCV sí, ẹ fi ẹnu wáyà pupa kan orí pósítíìfù, kí ẹ fi dúdú kan orí nẹ́gétíìfù, kó sì jẹ́ òjé orí bátìrì gan-an lẹ ó fi kàn, kì í ṣe tẹ́mínà tó dì mọ́ ọn. Yàrá mẹ́fà ló wà nínú bátìrì ọkọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń mú fọ́ltì méjì àti díẹ̀ wá, ìdí nìyẹn tí èyí tó kún fi máa ń wà ní 12.6 sí 12.7. Bí ẹ bá rí 12.4, ó kù ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 12.2 túmọ̀ sí ìdajì; 12.0 sì jẹ́ ìdá mẹ́rin péré. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 11.9, ó ti gbẹ. Bí ó bá wà ní nǹkan bí 10.5, tí ẹ ṣáàjì rẹ̀ tí kò kúrò níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí yàrá kan ti kú nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Lẹ́yìn èyí, kí ẹlòmíràn bá yín yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ẹ̀yin ń wo mítà, kí ẹ sì kọ iye tó kéré jù lọ tí ẹ rí kí ẹ́ńjìnì tó mú sílẹ̀. Kí ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ kó iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá síbí.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní mítà lójú ọ̀nà náà kò yẹ kó dúró bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ẹ tan iná iwájú, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí ògiri, kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná náà bá rẹ̀ wá sílẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tí ọkọ̀ sì ń dún "kẹ́kẹ́kẹ́", ebi iná ló ń pa á, yálà láti inú bátìrì ni o tàbí láti ẹnu tẹ́mínà. Bí iná bá dúró digbí tí ẹ kàn gbọ́ "kọ́" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tàbí tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ fi bátìrì lọ́rùn sílẹ̀ kí ẹ lọ wo sítátà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kíìkì, àti àwọn wáyà rẹ̀. Èmi ti ra bátìrì nígbà kan rí tó jẹ́ pé kíìkì ló ń ṣe mí, mo sì ń gbọ́ òórùn owó náà títí dòní.

Olùkọ́ Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gidigidi, Bàbá, ẹ̀yin náà Awakọ̀. Mo ṣe é láàárọ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, 12.31. Nígbà tí ọmọ mi yí kọ́kọ́rọ́, ó já sí 9.1, ẹ́ńjìnì sì lọ́ra kó tó mú. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ó gòkè dé 14.2, mo sì tan iná iwájú àti ẹ̀rọ amúlétutù pọ̀, kò wálẹ̀ ju 13.9 lọ. Iye 9.1 yẹn ń já mi láyà.

Rìwáyà Àgbà

Ẹ má jáyà. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ irú tiyín máa ń wà láàárín 13.8 sí 14.5 nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, nítorí náà 14.2 tí kò wálẹ̀ ju 13.9 lọ lábẹ́ ẹrù ti gba alternator sílẹ̀, ẹ má ṣe fi kọ́bọ̀ kan ṣòfò lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 13 ló wà, à bá wo fáànù bẹ́líìtì àti alternator. Bí ó bá ju 15 lọ, ńṣe ló ń se bátìrì bí ẹni ń se ẹ̀wà, omi inú rẹ̀ yóò sì máa gbẹ. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan wà tí kọ̀ǹpútà ń darí iná wọn lọ sókè sódò, ìlànà yìí kò bá wọn mu tán, ṣùgbọ́n tiyín kò sí lára wọn.

12.31 túmọ̀ sí pé bátìrì yín ti sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan díẹ̀ lókè ìdajì. Nísinsìnyí, 9.1 tó já sí: bátìrì tó kún tó sì lágbára kì í sábà wálẹ̀ ju 10 lọ nígbà tí sítátà bá ń fà á, èyí tó bá sì já sísàlẹ̀ 9.6 ni a máa ń fura sí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ wà nínú "tó kún" yẹn. Ẹni tí ebi ń pa kọ́ la máa ń sọ pé kó wá gbé àpò sìmẹ́ńtì ká lè mọ̀ bóyá ó lágbára. Ọ̀pọ̀ bátìrì ni wọ́n ti dá lẹ́bi ikú lọ́nà yìí tí wọ́n sì gbé fún àwọn tó ń ra bátìrì àlòkù, tó jẹ́ pé òru ọjọ́ kan lẹ́nu ṣájà ni wọ́n nílò. Ẹ ṣáàjì rẹ̀ kó kún ná, kí a tó dán agbára rẹ̀ wò.

Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ ṣe ohun kan fún mi. Ẹ yí mítà sí 2 tàbí kí ẹ fi sí 20 náà, ẹ fi ẹnu wáyà kan sórí òjé bátìrì, kí ẹ fi ìkejì sórí tẹ́mínà tó dì mọ́ òjé yẹn gan-an, kí wọ́n wá yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní orí kejì pẹ̀lú. Kò yẹ kí ẹ rí ju 0.2 lọ. Iye tí ẹ bá rí níbẹ̀ jẹ́ iná tó ń sọnù sínú ìdọ̀tí àti ìpẹtà láàárín àwọn méjèèjì, ojú lásán kì í sì í sábà rí i, nítorí inú ni ìpẹtà náà ń bẹ, ìta á máa dán.

Kẹ́míìsì Fẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un láti inú ohun tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Bí bátìrì yín bá ní ìdérí tó ṣeé ṣí lórí yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ ní ọ̀nà ìwádìí tó dára ju mítà lọ. Nígbà tí bátìrì bá ń lo iná rẹ̀, ásíìdì máa ń kúrò nínú omi, yóò lọ dì mọ́ àwọn awo òjé, omi tó kù yóò sì fúyẹ́. Nígbà tó bá ń gba iná, ásíìdì yóò padà sínú omi, omi yóò sì wúwo. Ìdí nìyẹn tí a fi lè wọn kíkún rẹ̀ láti inú bí omi rẹ̀ ṣe wúwo tó. Háídírómítà ni wọ́n ń pe ohun èlò náà: páìpù gíláàsì kékeré tó ní rọ́bà fífún lórí, tí nǹkan kan ń léfòó nínú rẹ̀, àwọn tó ń ṣáàjì bátìrì lẹ́bàá ọ̀nà sì máa ń ní in. Ẹ fa omi yàrá kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, kí ẹ ka ibi tí omi dé lára ohun tó ń léfòó náà, kí ẹ sì dá omi náà padà sínú yàrá tí ẹ ti fà á. Bí ó bá kún, yóò wà ní nǹkan bí 1.265, 1.225 dúró fún ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 1.190 fún ìdajì, 1.120 sì jẹ́ bátìrì tó ti gbẹ. Àwọn bátìrì kan tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ olóoru máa ń ní ásíìdì tó fúyẹ́ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ìyàtọ̀ láàárín yàrá sí yàrá ni kí ẹ tẹjú mọ́ jù. Bí yàrá márùn-ún bá sún mọ́ ara wọn, tí ìkẹfà sì fi 0.050 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kéré sí wọn lẹ́yìn tí ẹ ti ṣáàjì rẹ̀ kún, yàrá yẹn ń kú lọ, kò sì sí ṣájà tó lè jí i.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi awò bo ojú, kí omi púpọ̀ sì wà nítòsí. Bí ásíìdì bá kan ara, omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú tó gùn ni ìtọ́jú rẹ̀. Bí ó bá ta sí ojú, kí ẹ máa fi omi ṣàn án, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Ọmọ Ìlú Òkè

Ẹ ò ṣe kàn ní kí wọ́n da ásíìdì rẹ̀ nù, kí wọ́n bu tuntun sí i? Wọ́n ṣe é fún mi ní ọdún tó kọjá, ọkọ̀ mi sì tan lọ́jọ́ náà. Kókà tútù ni mo sì fi ń fọ orí bátìrì mi, ó ń mọ́ dáadáa.

Kẹ́míìsì Fẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta

Ọmọ mi, ẹ sọ fún wa bí bátìrì náà ti rí lónìí. Ásíìdì tuntun máa ń gbé fọ́ltéèjì sókè, mítà yóò kọ 12.6, inú gbogbo yín yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n ásíìdì tí ẹ rò pé ó sọnù kò lọ síbì kankan. Ó wà lára awo òjé, níbi tó ti le di èépá bí iyọ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ sì tún da òmíràn lé e lórí, èyí tí yóò máa jẹ awo náà yára. Omi nìkan ló ń gbẹ kúrò nínú bátìrì, omi nìkan ni kí ẹ fi dá a padà, kó sì jẹ́ omi dísítíìlì. Kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe pọ̀ọ̀wọ́tà inú ọ̀rá, nítorí mímọ́ tí ènìyàn fi ń mu omi kọ́ ni mímọ́ tí bátìrì ń fẹ́. Ẹ tún ṣọ́ra ní ọjà, nítorí ohun tí àwọn kan ń tà ní "omi bátìrì" jẹ́ ásíìdì ní tòótọ́. Ẹ béèrè kí ẹ tó dà á. Bí ẹ bá sì fi omi kún un, ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀, kí ẹ wa ọkọ̀ tàbí kí ẹ ṣáàjì rẹ̀ kó pò pọ̀ ná.

Ní ti Kókà, ó máa ń jẹ ìpẹtà lóòótọ́, àmọ́ ṣúgà rẹ̀ ń dúró síbẹ̀ láti máa fa ìdọ̀tí. Sódà tí a fi ń ṣe bísíkítì, tí a pò mọ́ omi, ló ń pa agbára ásíìdì. Ẹ ti ìdérí yàrá dáadáa kó má bàa wọ inú bátìrì, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi gíríìsì díẹ̀ ra tẹ́mínà lẹ́yìn tí ẹ bá ti dì í.

Ọmọ Ìlú Òkè

Oṣù kẹrin ni mo ra tuntun, mà. N kò fẹ́ sọ ni.

Ará Chicago

Ẹ kú àlàyé o. Níbí, òtútù ló ń tú àṣírí bátìrì. Bí ó bá mú dé 18 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, agbára tí bátìrì fi ń yí ẹ́ńjìnì kì í ju nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún lọ mọ́, nígbà tí ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì sì ti ki tí yíyí rẹ̀ wá nira sí i. Iye tí wọ́n kọ CCA sí lára bátìrì yín (Cold Cranking Amps, iye áńpù tó lè fi yí ẹ́ńjìnì nínú òtútù) dá lórí òtútù yẹn gan-an. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ni pé àwọn mẹkáníìkì ibí sọ fún mi pé ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pa bátìrì, pé òtútù kàn ń sìnkú rẹ̀ ni. Nígbà náà ni ó tó yé mi ìdí tí bátìrì bàbá mi ní Ṣàgámù kì í fi í lò ju ọdún méjì lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ẹ̀yà ọkọ̀ níbí máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ ọwọ́ kékeré kan: ẹ ó tẹ iye CCA ara bátìrì sínú rẹ̀, yóò sì sọ iye tó kù. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà lọ́jà Nàìjíríà náà, ẹgbẹ́ awakọ̀ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì lè dáwó ra ẹyọ kan.

Olùkọ́ Ìbàdàn

Ẹ mà ṣeun o. Ìròyìn mi gùn díẹ̀. Láàárín òjé pósítíìfù àti tẹ́mínà rẹ̀ mo rí 0.47, ní apá nẹ́gétíìfù, 0.04. Mo tú tẹ́mínà pósítíìfù, inú rẹ̀ ti funfun bí ẹfun. Mo fọ̀ ọ́ bí Ìyá Kẹ́míìsì ṣe wí, ó wálẹ̀ sí 0.05. Mo gbé bátìrì lọ fún ẹni tó ń ṣáàjì, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi iná gbígbóná pá a lórí, kó fi áńpù mẹ́fà ṣe é mọ́jú. Ó rẹ́rìn-ín mi, ṣùgbọ́n ó gbà. Mo fi í sílẹ̀ nínú ilé fún odidi ọjọ́ kan láìkàn án mọ́ ohunkóhun, mítà sì kọ 12.68. Háídírómítà ọkùnrin náà fi 1.260 hàn ní yàrá márùn-ún, ìkẹfà jẹ́ 1.240. Mo dá a padà sínú ọkọ̀, nígbà tí a yí kọ́kọ́rọ́ kò wálẹ̀ ju 10.4 lọ.

Mo ti ń jó lọ́kàn mi. Mo wá fi ọkọ̀ sílẹ̀ ọjọ́ méjì láìwà á. Láàárọ̀ yìí, 12.35.

Rìwáyà Àgbà

Ijó yẹn kò tíì bàjẹ́, Olùkọ́. Ẹ wò ó: nígbà tí bátìrì dá wà, ó di omi rẹ̀ mú, nígbà tó wà nínú ọkọ̀, omi ń jò. Bó bá jẹ́ pé inú rẹ̀ ló ti ń jò, kì bá tí wà ní 12.68 lẹ́yìn ọjọ́ kan láìsí nǹkan lára rẹ̀. Ọkọ̀ yín ló ń mu ún. 10.4 sì sọ fún mi pé agbára ṣì wà níbẹ̀. Yàrá kẹfà yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́, ìyàtọ̀ 0.020 kò tó ohun tí a fi ń jù ú nù.

Ẹ wá olè náà báyìí. Bí rédíò yín bá ń béèrè nọ́ńbà àṣírí, ẹ rí i dájú pé ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ fi sukurudíráfà ti ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ kó rò pé ẹ ti tì í. Ẹ yí mítà sí áńpù 10, kí ẹ sì fa wáyà pupa rẹ̀ kúrò ní ihò fọ́ltì sí ihò tí wọ́n kọ 10A sí. Ẹ tú tẹ́mínà nẹ́gétíìfù, ẹ fi ẹnu mítà kan sórí òjé, ìkejì sórí tẹ́mínà tí ẹ tú, kí iná máa gba inú mítà kọjá. Ẹ má ṣe yí kọ́kọ́rọ́ bí mítà bá wà níbẹ̀ o, fíúsì inú rẹ̀ yóò jó lójú ẹsẹ̀. Iye tí ẹ ó kọ́kọ́ rí yóò ga, nítorí àwọn kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ṣì ń jí. Ẹ fún wọn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí wọ́n sùn. Lẹ́yìn náà, kò yẹ kí ẹ rí ju 0.05 lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ máa dá a padà, èyí tí iye náà bá wálẹ̀ nígbà tí ẹ yọ ọ́ ni ọ̀nà ibi tí olè ń gbà. Bí ẹ bá parí, ẹ tètè dá wáyà pupa mítà padà sí ihò fọ́ltì, nítorí bí ẹ bá gbàgbé tí ẹ tún fi kan orí bátìrì méjèèjì lọ́jọ́ mìíràn, ńṣe lẹ fi wáyà lásán so wọ́n pọ̀.

Oní-Ínfátà

Ẹ má bínú pé mo yà bàrá díẹ̀: ṣé ẹ kò máa yọ bátìrì náà lọ sí ínfátà ilé nígbà tí iná bá lọ? Bátìrì ọkọ̀ kò wà fún fífà títí yóò fi gbẹ. Agbára ńlá fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni wọ́n ṣe é fún, bí wọ́n bá sì gbẹ ẹ́ léraléra, yóò kú kíákíá.

Olùkọ́ Ìbàdàn

Rárá o, n kò lò ó fún ínfátà. Mo ti ṣe ìwádìí tí Bàbá sọ. Lẹ́yìn wákàtí kan gbáko, mítà dúró sórí 0.38. Mo yọ gbogbo fíúsì tí mo rí, kò yí padà rárá. Ẹ̀rù bà mí pé mo ti ba nǹkan jẹ́.

Rìwáyà Àgbà

Ẹ kò ba nǹkan kan jẹ́. 0.38 fún wákàtí mẹ́rìnlélógún jẹ́ áńpù-wákàtì mẹ́sàn-án àti díẹ̀; nínú bátìrì oní-60, ó ń jẹ nǹkan bí ìdá mẹ́fà tàbí méje lójúmọ́. Ọjọ́ méjì nìyẹn tó gbé e láti 12.68 dé 12.35, ìṣirò náà bá ara rẹ̀ mu. Bí fíúsì kò bá sì gbé olè náà, a jẹ́ pé kò gba ilé fíúsì wọlé. Ẹ wo orí pósítíìfù. Ṣé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan kò sí níbẹ̀ tí kì í ṣe ti ọkọ̀ láti ilé iṣẹ́? Ta ló ti fi nǹkan sí ọkọ̀ yìí láìpẹ́: tírákà, ẹ̀rọ tí ń dún bí olè bá dé, rédíò?

Olùkọ́ Ìbàdàn

Ojú tì mí láti kọ èyí. Ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé tí àbúrò mi gbé rédíò tuntun àti ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè sínú ọkọ̀ náà, n kò tilẹ̀ kà á sí ohun tó yẹ kí n sọ. Wáyà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí pósítíìfù lóòótọ́, ó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ sí abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Mo fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti wà ní pípa fún wákàtí mẹ́ta, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Rìwáyà Àgbà

Ìwọ̀nba wọ́ọ́rọ́ yẹn ni bátìrì yín tó ń lọ. Wáyà pupa tó ń gbé iná fún un lè wà lórí bátìrì, kò burú, bí wọ́n bá fi fíúsì sí i nítòsí bátìrì. Wáyà kejì, tó ń jí ẹ̀rọ náà dìde, ni wọ́n kàn pọ̀ mọ́ ọn: láti ẹ̀yìn rédíò ló yẹ kí wáyà yẹn ti wá, kí ẹ̀rọ náà lè sùn nígbà tí rédíò bá sùn. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni. Àbúrò yín ni kó san án.

Olùkọ́ Ìbàdàn

Ó ti san án. Rìwáyà mìíràn tún un ṣe lọ́jọ́ Ẹtì, ó sì fi fíúsì sí wáyà pupa náà, nítorí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo tún fi mítà wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wákàtí kan: 0.03. Mo gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, n kò sì fọwọ́ kàn án títí di àárọ̀ òní, ọjọ́ Ajé. 12.61, ó sì tan nígbà àkọ́kọ́. Mo ti lẹ táàpù funfun kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ bátìrì náà, mo kọ déètì òní sí i pẹ̀lú 12.61, 10.4, 14.2, àti 1.240 fún yàrá kẹfà, mo sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún oṣù tó ń bọ̀.